Akin Euba ní Ilé-Ifẹ̀: Láti Orí Dùùrù dé Ìdí Dùndún

Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi orin alákọsílẹ̀ ṣe iṣẹ́ ṣe, ìyẹn orin tí a fi àmì kọ sínú ìwé kí ẹlòmíràn lè kà á kí ó sì ṣe é gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ ti fẹ́, ó ṣòro láti rí ẹni tí ìwádìí, ìkọ́ni àti àgbékalẹ̀ orin wọnú ara wọn lọ́wọ́ rẹ̀ tó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúnjí Akin Euba. Ìlú Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1935, ó sì dágbére fáyé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó pé ẹni ọdún 85. Ó rọrùn láti fi ipò gíga tí ó dé ní Yunifásítì Pittsburgh ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ó pẹ́ sí jù lọ. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá to àwọn orin àti ìwé rẹ̀ jọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé yóò rí i pé Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ láti ọdún 1968 títí di ọdún 1977, ni ohun gbogbo tí ó wá sọ ọ́ di olókìkí ti fìdí múlẹ̀.

Kì í ṣe òun ni ó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Inú ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Èkó àti Abẹ́òkúta ni orin alákọsílẹ̀ ti kọ́kọ́ ta gbòǹgbò láàárín àwa Yorùbá, ibẹ̀ náà ni fayolín, dùùrù aláfẹ́fẹ́ àti píánò ti di ohun tí ọmọ Yorùbá ń fọwọ́ kàn. T. K. E. Phillips, ẹni tí ó tẹ dùùrù aláfẹ́fẹ́ ní Kàtídírà Krístì ní Marina láti ọdún 1914 títí wọ inú àwọn ọdún 1960, ti kọ́ dùùrù àti fayolín ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú kí ó tó gba iṣẹ́ náà. Òun sì ni ó kọ ìwé lórí orin Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1953. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, ẹni tí wọ́n bí ní ọdún 1905, tí orin rẹ̀ fún àwọn ohun èlò olókùn, *African Suite*, tí ó kọ ní ọdún 1944, sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn bàbá wọ̀nyí ti ṣí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ṣí gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, orin àdákọ àti ìṣètò ohùn ti Yúróòpù ni wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀, tí wọ́n wá ń mú orin ìbílẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ohun tí Euba ṣe yàtọ̀: ó gbìyànjú láti mú dùùrù fúnra rẹ̀ lọ sí ìdí ìlù.

Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ rẹ̀ lé dùùrù, ìyẹn píánò, nílé. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ J. G. C. Allen, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn tí ó mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa, nígbà tí ó ń lọ sí CMS Grammar School ní Èkó. Ní ọdún 1950, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje dùùrù ní àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó sì wọkọ̀ lọ sí Trinity College of Music, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí Phillips ti gbà kọjá ní ìran kan ṣáájú. Arnold Cooke ni ó kọ́ ọ ní àgbékalẹ̀ orin, Eric Taylor sì kọ́ ọ ní dùùrù títẹ̀. Nígbà tí ó fi máa parí ní ọdún 1957, ó ti kọ orin kan fún ohun èlò olókùn mẹ́rin, ìyẹn fayolín méjì, fíólà kan àti sẹ́lò kan, irú àkójọpọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù kà sí ìdánwò tí ó le jù fún ẹni tí ó bá ní òun mọ orin kọ. Orin náà fi hàn pé ó ti gba ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní láti fún un, èyí kò sì kéré, nítorí pé ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ òfin iṣẹ́ dáadáa kò lè mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti yà kúrò nínú rẹ̀.

Nígbà tí ó padà sí Èkó ní ọdún 1957, iléeṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà ni ó gbà á síṣẹ́, ó sì di olórí ẹ̀ka orin níbẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni ó mú un súnmọ́ àwọn onílù, akéwì àti olórin ìbílẹ̀ tí wọ́n ń wá gba ohùn sílẹ̀, àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fi ibì kankan dárúkọ wọn. Ní ọdún 1959 ni ó ṣe ìṣètò orin ìbílẹ̀ Yorùbá mẹ́fà fún ohùn àti dùùrù. Nígbà tí àjọ Rockefeller wá fún un ní owó ìrànwọ́ ní ọdún 1962, ó kọjá sí Yunifásítì California ní Los Angeles, níbi tí Mantle Hood ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ìmọ̀ tí ó ń wádìí orin pa pọ̀ mọ́ àwùjọ tí ó ni ín, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara wọn lu ohun èlò tí wọ́n bá ń kọ ìwé lé lórí. Ibẹ̀ ni Euba ti pàdé Ọ̀jọ̀gbọ́n J. H. Kwabena Nketia ti orílẹ̀-èdè Gánà, ẹni tí ó di olùkọ́ rẹ̀ títí ọjọ́ ayé. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1964 àti oyè kejì ní ọdún 1966. Láàárín àkókò yìí ni ó kọ *Igi Nla So* fún dùùrù pẹ̀lú ìlù Yorùbá mẹ́rin, nígbà tí ó sì padà dé láti wá ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, ó kọ *Olurounbi* ní ọdún 1967 fún ẹgbẹ́ olórin ńlá, lórí ìtàn obìnrin tí ó fi ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ìrókò. Ìfẹ́ ìlù ti wà lọ́kàn rẹ̀; ohun tí kò tí ì ní ni àyè àti àkókò láti jókòó ti àwọn tí ó ni ín.

Ilé-Ifẹ̀ ni ó fún un ní èyí. Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí orí ilẹ̀ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1967 ni, Michael Crowder sì ń darí ibùdó tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìwádìí ìmọ̀ Áfíríkà nínú rẹ̀. Crowder kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ ní àkókò kan náà: Ọlá Rótìmí fún eré orí ìtàgé, Peggy Harper fún ijó, Solomon Wangboje fún ọnà yíyà, Akin Euba fún orin. Wọn kò fi gbogbo iṣẹ́ wọn há inú ọgbà yunifásítì. Àárín ìlú ni wọ́n ti ṣí ibùdó Orí Olókun, ní àdúgbò Àrúbìdì, níbi tí ọmọ yunifásítì àti ọmọ ìlú ti ń jókòó pọ̀ wòran. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe *The Gods Are Not to Blame* ti Ọlá Rótìmí ní ọdún 1968, ọdún náà gan-an sì ni àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí a tẹnu mọ́ bí ètò yìí ti ṣọ̀wọ́n tó: yunifásítì ìjọba kan gba ọ̀mọ̀wé síṣẹ́ kí ó máa ṣe orin, kí ó máa wádìí orin, kí ó sì máa gbé e síwájú àwọn ará ìlú, láìsí pé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ dilẹ̀.

Dùndún ni Euba yàn láti wádìí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo Yorùbá mọ̀, ó sì wọ ibi tí ọ̀pọ̀ kò fi ọkàn sí. Gbogbo ènìyàn mọ ìyáàlù, tí ṣaworo yí ojú rẹ̀ ká, tí onílù fi apá kan gbé kọ́, tí ó ń fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ kejì ń fún ọsán mọ́ ara kí ohùn lè gòkè, tí ó sì ń dẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyáàlù kì í dá sọ̀rọ̀ láwùjọ. Kẹríkẹrì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, ìsáájú àti ìkẹyìn wà níbẹ̀, gúdúgúdú kékeré tí wọ́n fi ìda lẹ̀ mọ́ lójú, tí wọ́n fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ń lù, sì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ọmọ ìlù wọ̀nyí ni láti di gbólóhùn kúkúrú kan mú kí wọ́n sì máa tún un lù léraléra, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀, tí ọ̀kan ń bọ́ sí àlàfo tí èkejì fi sílẹ̀; nínú ìhunpọ̀ yìí ni ìyáàlù ti ń rí àyè láti rìn, láti ki oríkì, láti pa òwe àti láti darí ijó. Ẹni tí kò bá gbọ́ àwọn ọmọ ìlù kò tí ì gbọ́ dùndún, bí ó tilẹ̀ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù sọ.

Euba tún ya ọ̀nà tí ìyáàlù ń gbà sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà mìíràn ìlù a tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ ẹnu gẹ́lẹ́, láìsí ìwọ̀n ìlù tí ó dúró sójú kan, bí ìgbà tí onílù bá ń ki ọba ní ẹnu ọ̀nà ààfin. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ náà a bọ́ sínú ìwọ̀n ijó, ìtẹ̀síwájú rẹ̀ a sì yí padà díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè bá a mu. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orin tí àwọn ènìyàn mọ̀ sẹ́nu ni ìlù ń kọ. Ìyàsọ́tọ̀ yìí wúlò púpọ̀, nítorí pé ó fi òpin sí àsọdùn àwọn àlejò tí wọ́n rò pé gbogbo ohun tí ìlù bá ṣe ọ̀rọ̀ ni, ó sì fi òpin sí ti àwọn mìíràn tí wọ́n rò pé ariwo lásán ni. Láti kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ kò rọrùn. Àmì-orin ti Yúróòpù ní ìlà márùn-ún tí ó ń tọ́ka sí ìdúró ohùn kan pàtó, ṣùgbọ́n ohùn ìyáàlù ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ sókè bí ahọ́n ti ń yọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Euba wá ọ̀nà tí àmì náà yóò fi lè gbé ìlù dé ibi tí ó bá lè gbé e dé, ó sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí abẹ́ rẹ̀ kí òǹkàwé lè rí ohun tí àmì nìkan kò lè sọ. Èyí ni iṣẹ́ tí ó gbé lọ sí Yunifásítì Gánà ní Legon, tí wọ́n fi fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1974, òun náà sì ni ó wá di ìwé *Yoruba Drumming: The Dùndún Tradition* tí wọ́n tẹ̀ ní Bayreuth ní ọdún 1990. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ nípa dùndún kò lè fo ìwé náà dá.

Bí ó ti ń wádìí yìí náà ni ó ń kọ orin, ibi tí ọ̀nà méjèèjì sì ti pàdé ni ohun tí ó pè ní píánò ti Áfíríkà. Ní ọdún 1970 ni ó kọ́kọ́ gbé èrò náà kalẹ̀ nínú ìwé: pé ọgbọ́n tí àwọn ará Áfíríkà fi ń lu ohun èlò onígi bíi báláfọ̀, tí wọ́n fi ń ta agídìgbo, tí wọ́n sì fi ń to ìlù oríṣiríṣi pọ̀, tó láti bí ọ̀nà títẹ dùùrù tí ó jẹ́ tiwa. Ohun kan wà nínú èrò yìí tí ó yẹ kí òǹkàwé rò dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé fífarawé ohùn Yorùbá nìkan ni Euba ń wá, fayolín ni ìbá rọrùn fún un jù, nítorí pé ọ̀pá fayolín kò ní ìlà tí ó dá ìka dúró, ìka lè yọ̀ lórí okùn rẹ̀ láti ohùn ìsàlẹ̀ dé ohùn òkè bí gòjé ti ń ṣe nínú orin sákárà. Dùùrù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀ tí kò ní yí padà. Ṣùgbọ́n dùùrù jẹ́ ohun èlò tí a ń fi òòlù kékeré lu okùn rẹ̀ láti inú, ọwọ́ méjì àti ìka mẹ́wàá sì lè ṣe iṣẹ́ onílù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, Euba kò bẹ dùùrù pé kí ó sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Ó fi ọwọ́ òsì ṣe àwọn ọmọ ìlù tí ń tún gbólóhùn wọn sọ, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún rìn lórí wọn pẹ̀lú òmìnira olórí onílù.

*Scenes from Traditional Life*, orin mẹ́ta fún dùùrù tí ó kọ ní ọdún 1970 nígbà tí ó wà ní Ifẹ̀, ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Nínú rẹ̀ ni ó ti pa ìwọ̀n dùndún pọ̀ mọ́ ìlànà ohùn méjìlá, èyí tí Arnold Schoenberg ti ìlú Vienna gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Lórí dùùrù, ohùn méjìlá ni ó wà kí a tó padà sí èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀, funfun méje àti dúdú márùn-ún. Ìlànà Schoenberg ni pé kí olórin to méjèèjìlá sí ẹsẹ kan, kí gbogbo wọn sì dọ́gba láìsí èyí tí ó jẹ́ ilé tí orin gbọ́dọ̀ padà sí. Ó lè dàbí ẹni pé èyí jìnnà réré sí Àrúbìdì. Síbẹ̀, ọgbọ́n ńlá ni, nítorí pé nígbà tí etí kò bá rí ilé ohùn tí Yúróòpù ti kọ́ ọ láti máa dúró dè, ìwọ̀n ìlù ni yóò dì mú. Ohun tí ó kù tí yóò máa darí olùgbọ́ ni bí gbólóhùn kan ti ń bọ́ sí àlàfo èkejì, èyí tí í ṣe ọkàn dùndún gan-an. Ó jẹ́ òtítọ́ pé orin náà ṣòro fún etí tí kò mọ̀ ọ́n, àwọn kan sì ti bi í léèrè pé ta ni ó ń kọ orin fún. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi dá iṣẹ́ náà lẹ́bi, nítorí pé ẹni tí kò láǹfààní láti gbọ́ orin kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ó ṣòro tàbí kò ṣòro.

Ọdún kan náà ni ó kọ́kọ́ kọ *Chaka*, ópẹ́rà tí ó gbé lórí ewì Léopold Sédar Senghor, akéwì tí ó jẹ́ ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà nígbà náà. Ópẹ́rà ni eré tí a ń fi orin sọ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu, ṣùgbọ́n nínú *Chaka*, ìsàré àti oríkì kíkì bí ti àwọn akéwì Yorùbá ló gba ipò ńlá, àwọn ohun èlò Yúróòpù sì jókòó pọ̀ mọ́ ìlù àti agogo. Euba kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí ó ti rí ní Ifẹ̀. Ó tún un ṣe ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n sì ṣe é ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àwọn ọdún 1990.

Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni ibùdó ìwádìí tí ó gbà á síṣẹ́ pín sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, tí orin sì di ẹ̀ka tí ó dá dúró nínú yunifásítì náà. Èso ẹ̀ka yìí ni ó fi iṣẹ́ Euba hàn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ jù. Muraina Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí tí ayé mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán láti Òṣogbo, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní dùndún níbẹ̀, ó sì kọ ìwé kan ní ọdún 1989 lórí ọ̀nà titun tí a lè gbà kọ ìlù náà sílẹ̀. Túnjí Vidal ṣe ìwádìí oríkì nínú orin Yorùbá, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ ní kíkọ́ni. Joshua Uzoigwe, ọmọ Ìgbò tí òun náà jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀mọ̀wé, ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀, ó gba èrò píánò ti Áfíríkà, ó fi kọ orin lórí ìlù àwọn ènìyàn tirẹ̀, ó sì kọ ìwé odindi lórí ìgbésí ayé àti orin Euba, tí ó jáde ní ọdún 1992. Godwin Sadoh, tí ó gba oyè àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka yìí kan náà, wà lára àwọn tí wọ́n kọ̀wé jù lọ nípa orin alákọsílẹ̀ Nàìjíríà lónìí. Nketia tí ó jẹ́ olùkọ́ Euba náà gba èrò píánò ti Áfíríkà tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ yìí, ó sì tẹ orin méjìlá jáde lábẹ́ orúkọ yẹn fún àwọn tí ó ń kọ́ dùùrù.

Euba kúrò ní Ifẹ̀ lọ sí Yunifásítì Èkó, níbi tí ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó sì darí ibùdó àṣà. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Iwalewa-Haus ní Bayreuth, ní ilẹ̀ Jámánì, ilé tí Ulli Beier, tí òun náà ti darí ibùdó Ifẹ̀ rí, dá sílẹ̀. Ní ọdún 1993 ni Yunifásítì Pittsburgh fi í sí ipò Ọ̀jọ̀gbọ́n Andrew Mellon, ipò tí Nketia ti wà ṣáájú rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 2011. Níbẹ̀ ni ó ti sọ ohun tí ó ṣe ní Ifẹ̀ di ẹ̀kọ́ tí ó ní orúkọ, pé kí ẹni tí ó bá ń wádìí orin ìbílẹ̀ má fi mọ sórí ìwé kíkọ, kí ó fi ohun tí ó rí ṣe orin titun; láti ọdún 2001 sì ni àwọn agbórinkalẹ̀ láti Áfíríkà àti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ ní Churchill College, Cambridge, nípasẹ̀ ìpè rẹ̀, láti gbọ́ iṣẹ́ ara wọn.

Àwọn ìpàdé wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó dun gbogbo ẹni tí ó bìkítà pé òkè òkun ni wọ́n ti wáyé, òkè òkun náà ni wọ́n sì ti tẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé Euba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin púpọ̀ ní Nàìjíríà ni ó lè tẹ orin Bach àti Chopin láìwo ìwé, tí wọn kò sì tí ì fi ojú kan *Scenes from Traditional Life*. Àtúnṣe èyí kò kọjá agbára wa. Kí ẹ̀ka orin ní Ifẹ̀ àti àwọn yunifásítì yòókù sọ orin Euba di dandan fún ẹni tí ó bá ń gba oyè nínú dùùrù títẹ̀. Kí wọ́n tún àwọn àmì-orin rẹ̀ tẹ̀ ní iye tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rà. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn ọlọ́rẹ yunifásítì náà sì gbé owó kalẹ̀ kí wọ́n lè ṣe *Chaka* ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn onílù tí wọ́n jẹ́ ọmọ bíbí agbègbè náà, kí wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.